Ológbò Aláìnílé àti Àwọn Alábòójútó Wọn ní Ọgbà Yunifásítì

Ó ṣòro kí ènìyàn rin ọgbà yunifásítì ńlá já ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kí ó má rí ológbò kan tí ó jókòó sẹ́bàá ilé oúnjẹ, tàbí tí ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn àpótí ìdọ̀tí kọjá. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Níbi tí oúnjẹ bá ti ń ṣẹ́kù, eku yóò wà níbẹ̀. Níbi tí eku bá sì wà, ológìnní kò ní í pẹ́ dé. Àwọn àgbà ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n ológbò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni. Òmíràn nínú wọn jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sìn nínú yàrá rẹ̀, tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ sílé. Òmíràn ni a bí sábẹ́ ilé tàbí sínú igbó, kò mọ ọwọ́ ènìyàn rí. Ti àkọ́kọ́ a máa fi ara ra ẹsẹ̀ ẹni. Èkejì a sá bí ẹni tí ó rí iwin. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé dá lé lórí.

Bí ènìyàn bá ní àánú lójú, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kì í ṣe ìtọ́jú. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ó sì sábà máa ń bí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ǹjẹ́ ẹni tí ó gbé àwo kalẹ̀ fún ológbò méjì ní ọdún yìí mọ iye tí yóò bá nídìí àwo náà ní àmọ́dún? Èyí tí ó tún burú ju iye wọn lọ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ náà. Àwọn onímọ̀ kan ní North Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣọ́ ìgbésí ayé ọmọ ológbò 169 tí àwọn ológbò ẹhànnà bí, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2004. 127 nínú wọn ni ó ti kú tàbí tí a kò rí mọ́ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ń bọ́ ìyá tí kò sì dí ọ̀nà ìbímọ rẹ̀, kì í ṣe ìyá nìkan ni ó ń bọ́, ikú àwọn ọmọ náà ni ó ń bọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe lè rọ̀ ọ́ kí ó sì tún jẹ́ òtítọ́.

Ọ̀nà mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ aláṣẹ máa ń kọ́kọ́ rò, ni kí a kó wọn kí a sì pa wọ́n. Ní 1989, Yunifásítì Stanford ní California gbèrò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i nínú ọgbà náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gba ìtọ́jú àwọn ológbò náà sí ọwọ́ ara wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì láti ìgbà náà wá. Ṣùgbọ́n èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ la ọ̀rọ̀ náà yé ni jù ni ti Yunifásítì Central Florida ní ìlú Orlando, ibẹ̀ ni a óò sì dúró sí.

Ní 1991 ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìlànà wọn kò gùn: kí a mú ológbò, kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí a dá a padà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àárín yẹn. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ohun tí à ń pè ní títẹ̀ lọ́dàá. Òbúkọ àti àgbò ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, kí wọ́n lè sanra. Dókítà ẹranko òde òní a máa ṣe ti abo pẹ̀lú: yóò la ikùn rẹ̀ níwọ̀nba, yóò yọ ilé-ọlẹ̀ àti ilé ẹyin rẹ̀ kúrò, yóò sì rán ojú ibẹ̀ padà. N kò rí ohun tí ó burú nínú pé kí a lo ‘tẹ̀ lọ́dàá’ fún akọ àti abo, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe níhìn-ín.

Mímú ológbò ẹhànnà kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Olùtọ́jú yóò ti máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ojú kan náà, ní wákàtí kan náà, títí ara àwọn ológbò yóò fi balẹ̀. Bí ọjọ́ mímú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò dá oúnjẹ dúró kí ebi lè pa wọ́n díẹ̀. Nígbà náà ni yóò wá gbé àgò onírin kalẹ̀, tí ó ti fi ẹja inú agolo sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí ológbò bá wọlé tí ó sì tẹ irin pẹlẹbẹ tí ó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn yóò já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù yóò bà á, yóò máa gbá ara mọ́ irin. Lójú ẹsẹ̀ ni wọn yóò da aṣọ bo àgò náà, nítorí òkùnkùn a máa jẹ́ kí ó farabalẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni ó kàn. Wọn yóò fi oògùn mú un sùn, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, wọn yóò sì gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan díẹ̀ kí ó tó jí. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa bínú sí etí gígé yìí. Ṣùgbọ́n òun ni àmì tí olùtọ́jú fi ń mọ̀ láti òkèèrè pé a ti ṣe ti èyí, kí a má baà là á níkùn lẹ́ẹ̀kejì lásán. Ilà ojú ni a lè fi wé láàárín tiwa. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, bí ó bá jẹ́ ẹhànnà, a óò dá a padà sí ibi tí a ti mú un gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ó mọ oúnjẹ àti ibi ìsádi sí. Èyí tí ó bá mọ ènìyàn, àti ọmọ tí ó ṣì kéré tó láti kọ́, a kì í dá wọn padà. A óò wá ẹni tí yóò mú wọn lọ sílé sìn.

Ó tó 1996 kí àwọn alábòójútó náà tó lè sọ pé àwọn ti ka gbogbo ológbò inú ọgbà tán. Ọdún márùn-ún gbáko! Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti ka ẹranko tí ń sá sábẹ́ ilé kò ní í yà á lẹ́nu. 68 ni wọ́n kà. Lẹ́yìn 1995, wọn kò tún fojú kan ọmọ ológbò tí a bí sínú ọgbà náà. Nígbà tí yóò fi di 2002, iye wọn ti wálẹ̀ sí 23. Julie Levy, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Florida, àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà jáde ní 2003.

Ẹni tí ó bá ka iye wọ̀nyí gààràgà yóò rò pé ọ̀bẹ dókítà ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ológbò 155 ni ó gba ọwọ́ wọn kọjá láti 1991 títí di 2002. Ìdá 47 nínú 100 wọn ni ó rí ẹni mú un lọ sílé. Òmíràn kú, òmíràn sọnù, a sì ní láti pa bí ìdá 11 nínú 100. Ẹ tún wo 23 tí ó kù ní 2002: 22 nínú wọn jẹ́ ẹhànnà. Àwọn tí ó mọ ènìyàn ti bá ènìyàn lọ. Títẹ̀ lọ́dàá ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i. Wíwá ilé fún wọn wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dín kù. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kò sì ní í rí èrè tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí ni àwọn àlejò. Ní gbogbo àkókò yẹn ni ológbò tuntun ń dé, èyí tí ó ṣìnà àti èyí tí olówó rẹ̀ wá já sílẹ̀, tí àwọn alábòójútó sì ní láti tètè mú kí ó tó bímọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ológbò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìsinmi lè máa rò pé ọgbà náà fẹ̀, pé kò ní í ṣaláì rí jẹ. Ó gbé ẹrù tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí.

Àwọn olùfẹ́ ẹyẹ kò fara mọ́ iṣẹ́ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ẹjọ́ wọn sẹ́yìn. Ológbò tí a tẹ̀ lọ́dàá ṣì jẹ́ ọdẹ síbẹ̀. Etí rẹ̀ ni a gé, a kò gé èékánná rẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2013 ṣírò rẹ̀ pé ẹyẹ tí àwọn ológbò tí ń rìn kiri ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà ju bílíọ̀nù kan lọ. Lójú tèmi, níbi tí ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n bá ń yé sí, kò yẹ kí a dá ológbò kankan padà. Ṣùgbọ́n láàárín ilé ìgbé àti ilé oúnjẹ, ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ọ̀nà tí yóò dín iye wọn kù tí kò sì ní í tún kún padà.

Daniel Spehar àti Peter Wolf padà lọ wo Orlando. Ó tọ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko ni Wolf ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé láti 1991 títí di 2019, ológbò 204 ni ó ti wọ ìwé àwọn alábòójútó náà. Agbo 16 ni wọ́n ti tọ́jú. 11 ti tán pátápátá, kò sí èyí tí à ń gbé oúnjẹ fún níbẹ̀ mọ́. Ológbò 10 péré ni ó ṣẹ́kù ní gbogbo ọgbà náà.