Ilé Àtijọ́ Tura, Ṣùgbọ́n Ojú Ni Ká Máa Fi Ṣọ́ Ọ

Owó ilé tó wọ́n nìkan kọ́ ló ń dá ayálégbé dúró sínú ilé ògbólógbòó l'Ónípánu àti Bàrígà. Níbi tí ògiri bá ti jẹ́ amọ̀ tó nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé, bí kò tilẹ̀ sí iná mànàmáná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí gbogbo yàrá kọjú sí sì ń sọ àjèjì di mọ̀lẹ́bí.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá amọ̀. Bí páànù bá ń jò, tí ọ̀gbàrá sì ń jẹ ìpìlẹ̀, amọ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, ojú kò sì ní í tètè rí i. Bí ògiri bá sán, tí ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́, kí wọ́n fi tó LASBCA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé l'Ékòó, létí. Ilé ṣeé tún kọ́. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.