Àìsàn Ilẹ̀kùn Ọkàn Lára Aboyún

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀tà àti Sàngó, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí aboyún kan nínú wọn bá wí pé èémí òun kò tó, àwọn ará ilé a máa dáhùn pé, “Oyún ni; iṣẹ́ sì ni.” Òtítọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ó fi léwu.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà èwe ni ìbàjẹ́ wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀fun dun ọmọ, a kò tọ́jú rẹ̀; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ibà dé, oríkèé sì wú. Ara yá, ṣùgbọ́n àpá kù sí ilẹ̀kùn ọkàn, ó sì lè farapamọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí oyún bá dé, ẹ̀jẹ̀ obìnrin a máa fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Ilẹ̀kùn tí ó ti há kò lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá, omi a sì máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ẹsẹ̀ wú díẹ̀, kí aboyún mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, èyí kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sùn àfi bí ó bá jókòó, tí ikọ́ ń jí lóru, tí ó tu ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó dákú, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà; láti ibẹ̀ a lè rán an lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìdí-Àràbà, kí a fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í pa ọmọ inú lára. Oògùn wà tí ń fa omi kúrò, òmíràn sì ń dẹ ìlù ọkàn tí ó ń sáré. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì tí àwọn kan ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ara wọn, kí wọ́n má ṣe tìtorí oyún dá a dúró.

Ọ̀ràn àwọn tí a ti fi ilẹ̀kùn irin sí ọkàn wọn ṣòro jù. Láti 1974, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Enugu, irú wọn ti wà láàárín wa. Warfarin ni wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Oògùn yìí sì lè ba ẹ̀yà ara ọmọ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá oyún. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ lè kú. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kí ó tó lóyún.

Ìbímọ nìkan kọ́ ni òpin ewu. Bí ilé ọmọ ti ń súnkì, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ a rọ́ padà sí ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ni a fi ń ṣọ́ ìyá ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Bí dókítà bá ní kí ó dúró, kí a má ṣe tìtorí ìsọmọlórúkọ mú un kúrò. A lè sọ ọmọ lórúkọ níbi tí ìyá rẹ̀ wà.