Ohùn Asọ̀tàn nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀: Láti Èdè Yorùbá sí Èdè Ṣáínà

Láti ọdún 2006 tí a ti dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lekki, ní apá iwájú Ajah, ni Yorùbá àti àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2023, a ṣí èbúté ńlá kan síbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a máa túmọ̀ fún ara wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọmọnìkejì rẹ̀ ní láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìbéèrè wa nìyí: bí a bá ń túmọ̀ ìtàn-àròsọ Yorùbá sí èdè Ṣáínà, kí ni ó lè sọnù lójú ọ̀nà?

Tíọ́rì ìsọ̀tàn kọ́ wa pé nǹkan méjì ni ó wà nínú ìtàn: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ẹnu tí a fi sọ ọ́. Atúmọ̀ tí ó bá kó ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ti kó ẹrù láìkó ẹlẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí a wo *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyínká sì jáde ní 1968. Asọ̀tàn méjì ni ó wà níbẹ̀: òǹkọ̀wé tí ó jókòó tí ó ń kọ, àti àgbàlagbà kan, Àkàrà-ògùn, tí ó wá ròyìn ìrírí ara rẹ̀ fún un. A ń gbọ́ ohùn ẹnu nínú ìwé. Èyí kò ṣàjèjì sí èdè Ṣáínà. Nínú àwọn ìtàn wọn àtijọ́, bí *Ìrìn-àjò sí Ìwọ̀-Oòrùn* tí ó ní orí 100, asọ̀tàn a máa pe olùgbọ́ pé kí ó wá gbọ́ ìyókù ní orí tí ó kàn. Atúmọ̀ lè yá ohùn yìí lò.

Ibi tí ìṣòro wà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Bí a wí pé "Bàbá dé, ó jókòó," tàbí "Bàbá dé, wọ́n jókòó," ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n "wọ́n" fi hàn pé asọ̀tàn mọ ara rẹ̀ ní ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Èdè Ṣáínà ní arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, èyí ni *nín*. Fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, *tā* ni wọ́n sábà ń lò, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé. Bí atúmọ̀ kò bá ṣọ́ra, asọ̀tàn tí ó ti dọ̀bálẹ̀ yóò nàró lójú àgbà.

Kí ni ṣíṣe? Èdè Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan, *lǎorénjia*, tí wọ́n fi ń bu ọlá fún àgbàlagbà; a lè fi í kún *tā*. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo ju "wọ́n" lọ. Bí a bá ń tún un pè ní gbogbo ìgbà, yóò sú òǹkàwé. Ibi tí ipò asọ̀tàn bá ti ṣe pàtàkì ni kí a lò ó. Tíọ́rì kò lè bá wa túmọ̀ ìwé; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi irú ibi bẹ́ẹ̀ hàn wá.