Amóhùnmáwòrán Ẹnìkan, Ìran Gbogbo Àdúgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ayé kì í lọ bí òréré, ìgbà kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó lónìí lè di ohun tí a ó máa fi ẹnu ròyìn lọ́la. Níbikíbi tí àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá ti pàdé, ìbáà jẹ́ níbi ìnáwó, ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi ọ̀dàn ní ọ̀sán gangan, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń yà sí ìgbà àtijọ́. Ẹnìkan á dárúkọ Bàbá Sàlá, ẹ̀rín á sọ. Òmíràn á béèrè ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé fíìmù Ògúndé wá sí ìlú, gbogbo wọn á sì di ọmọdé padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó tì wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Wọn a máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó wà nínú àwòrán dúdú òun funfun tí ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tí ó ń mú àgbàlagbà ṣe báyìí.

Ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ náà tọ́ sí ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ ti dídán àwòrán ni, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé lónìí dán ju amóhùnmáwòrán ìgbà náà lọ. Bí ó bá jẹ́ ti pípọ̀ eré ni, ohun tí fóònù kan náà lè gbé wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ ju ohun tí ìdílé kan ń rí wò ní odindi ọdún nígbà náà lọ. Nítorí náà, ohun tí àwọn àgbà ń ṣe àárò rẹ̀ kò lè jẹ́ eré nìkan. Àárò àwùjọ tí ó yí eré náà ká ni ó ń sọ wọ́n.

LÁTI ABẸ́ ÒṢÙPÁ DÉ INÚ GBỌ̀NGÀN

Ìran wíwò kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá ṣe nílẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òṣùpá, apààlọ́ kò lè máa pa ààlọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn tí ń gbe orin ni wọ́n ń jẹ́ kí ààlọ́ dùn. Alárìnjó, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti inú eégún ṣẹ̀ wá, kò lè ṣeré láìsí agbo. Nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní 1944, agbo náà ni ó gbé wọ inú gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà ní 1903.

Lẹ́yìn Ògúndé ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Oyin Adéjọbí àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìlú tí ó bá ti ní gbọ̀ngàn tàbí ilé-ìwé, ọkọ̀ wọn lè yà síbẹ̀. Ní ọjọ́ eré, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ya àwòrán mèremère sí lára á máa yí ìgboro ká. Ẹnìkan á máa fi gbohùngbohùn kéde, ìlù á máa dún, àwọn ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀lé e títí dé ìpẹ̀kun ìlú. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, ẹlẹ́pà, alákàrà àti oníguguru á ti pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà. Orin àti ijó ni ẹgbẹ́ fi ń ṣíde kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìkà inú eré bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn aláìṣẹ̀, ẹnìkan á kígbe láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé kí ó sá. Òṣèré ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ibi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀, á fa ọ̀rọ̀ gùn níbẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn bá ti dákẹ́, á yára kọjá.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀RỌ WỌLÉ

Nígbà tí rédíò dé, Yorùbá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí ní àròjinlẹ̀ nínú. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì jẹ́ àjèjì láàárín àwọn tí wọ́n gbà pé ẹni tí a bá kí, ó yẹ kí ó dáhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní àkókò ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀rọ yìí náà ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Àwọn ará ilé ni wọ́n wá ń fèsì láàárín ara wọn.

Ẹ̀rọ náà wọ́n púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ilé kan ṣoṣo ni ó ti wà, ilé ọ̀gá ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí oníṣòwò kan. Àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Òmíràn ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á ti wẹ̀, wọn á ti para. Wọn á bọ́ bàtà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, wọn á kí bàbá onílé àti ìyá onílé kí wọ́n tó wá ibi jókòó. Ọmọdé á wà lórí ẹní níwájú, àgbà á wà lórí àga lẹ́yìn, àwọn tí kò ráyè wọlé á na ọrùn láti ojú fèrèsé. Ẹnìkan á wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun tí wọ́n so irin agbàwòrán mọ́, á máa yí i. Àwọn ti inú ilé á máa ké pé, “Ó ti dára! Má fọwọ́ kàn án mọ́!” Bí ó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, àwòrán á tún bàjẹ́.

Àṣà ilé náà ń tọ́ ọmọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ fọ abọ́ kò nílò pàṣán. Kí ó ṣáà ti dárúkọ eré alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ọmọ onílé jà lọ́sàn-án á ti wá bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí iná bá lọ láàárín eré, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀, wọn á tan àtùpà, àgbà kan á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn títí iná á fi dé. Nígbà tí wọ́n bá kọ orin orílẹ̀-èdè, tí iṣẹ́ parí ní ọjọ́ náà, àwọn kéékèèké á ti sùn lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ sí apá ilé wọn ni yóò pọ̀n wọ́n délé, ìbáà má jẹ́ ìyá wọn.

ÈSÌ ÀWỌN ARÁ ILÉ

Nínú eré Kóòtù Aṣípa tí Oyin Adéjọbí ń ṣe ní NTA Ìbàdàn, ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé wá síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó dá a, ilé tí wọ́n ti ń wò ó á ti dá a lọ́nà mẹ́ta. Ìyá àgbà á dá ọkọ lẹ́bi, bàbá onílé á ní ìyàwó ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, ayálégbé kan á ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ̀bi. Ọmọ tí ó jókòó lórí ẹní ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń mọ̀ pé ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹnìkan, àti pé agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti ṣe iṣẹ́ rí. Láti àárín ọdún 1960 sí 1970 ni Aláwàdà ti ń jáde ní WNTV. Gíláàsì ńlá àti táì gbàgbàrà rẹ̀ nìkan tó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń rẹ́rìn-ín náà á tún yíjú sí ọmọ, á ní, “Ṣé o rí ohun tí ojúkòkòrò fi ń ṣe ènìyàn?” Ní ti Bódé Wásinmi tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde, òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, àwọn àgbà sì ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ní 1968, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu àwọn òṣèré, ọmọ ilé-ìwé ni ó wá ń túmọ̀ fún ìyá àgbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ní iwájú ẹ̀rọ yìí, ó ṣe é rí.

Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ìwé Àtọ́ka, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí ó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ìtàn eré: ẹni tí kò mọ̀wé á wo àwòrán, ẹni tí ó mọ̀wé á kà á sí i létí. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú fíìmù nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ìjà Òmìnira àti Ayé ti Ògúndé tẹ̀lé e ní 1979, Jáyésinmi sì dé ní 1980. Bí àwọn àjẹ́ bá yọ lójú aṣọ sinimá, ọmọ á ki orí bọ abẹ́ ìró ìyá rẹ̀. Bí babaláwo bá ṣẹ́gun wọn, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde dúró.

KÌ Í ṢE OYIN NÌKAN

Kò yẹ kí àárò sọ ìgbà náà di ọ̀run. Ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní iná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ kò kọjá ojú fèrèsé, nítorí pé kì í ṣe gbogbo onílé ni ó ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé. Àwọn kan ń pe òṣèré ní alágbe, ìdílé mélòó kan ni kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá wọn rìn. Ọ̀kan nínú ìdí tí Ògúndé fi fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin òṣèré rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ má baà túká. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà tún máa ń kóni sí wàhálà: ní 1964, nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní agbègbè náà, òfin yìí kò sì kásẹ̀ títí di 1966.

NÍBO NI WỌ́N WÀ BÁYÌÍ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀rín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ amóhùnmáwòrán, bí wọ́n bá ti ń ṣe eré ni ó ń jáde. Bí ó bá ti parí, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán a sì máa gba eré tuntun lé orí ti àtijọ́. Ní ti fíìmù, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá fi í sí yàrá gbígbóná fún ọdún púpọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan, á ká kò, àwòrán orí rẹ̀ á sì parẹ́. Olè náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982, àwọn jàgùdà da fíìmù náà kọ, wọ́n sì ń tà á. Gbèsè ńlá ni ó kù sí i lọ́rùn.

Àwọn tí wọ́n lè ròyìn náà ń lọ. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Ládípọ̀ ní 1978, Ògúndé ní 1990, Adé Love ní 1996, Adéjọbí ní 2000, Bàbá Sàlá ní 2018. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n níbi tí àfojúbà ti sọnù, ìròyìn ni ó kù, òun náà sì ń tán lọ.

Síbẹ̀, ohun tí ó sọnù ṣì lè jẹ́ rírí. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu darí ní 1976, ti pẹ́ lẹ́yìn ojú kí wọ́n tó rí i ní ibi ìkó-fíìmù-pamọ́-sí ní Jọ́ọ̀s. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Bí èyí bá lè yè, ìdí wà láti wo inú àpótí àti orí àjà ilé wa dáadáa. Ìwé Àtọ́ka tí a fi ń di ẹ̀pà, téèpù tí a fẹ́ dà sí ààtàn, fọ́tò ẹgbẹ́ òṣèré tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn inú rẹ̀ mọ́, ohun ìṣúra ni gbogbo wọn. Olùkọ́ lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà láti lọ gba ìtàn wọn sílẹ̀. Àgbà sì lè kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò kí ojú tó ṣú.

Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ rí gbogbo eré náà padà, tí oníkálukú sì lọ ń dá a wò ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ìdajì ni a rí. Fóònù òde òní ń gba èsì. Ènìyàn lè fi í bá ẹni tí ó wà ní òkè òkun jiyàn. Síbẹ̀, ènìyàn mẹ́rin lè wà ní pálọ̀ kan, tí ẹni kìíní kò mọ ohun tí ń pa ẹnì kejì lẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́ o. Nígbà tí amóhùnmáwòrán dé, àwọn àgbà ìgbà náà sọ pé ó ti lé ààlọ́ kúrò lábẹ́ òṣùpá, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé gbé agbo wọn wá síwájú rẹ̀. Ìdílé tí ó bá fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí: alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, eré àtijọ́ kan, gbogbo ilé lójú kan náà, kí àgbà sọ ohun tí ó rí, kí ọmọdé sì béèrè ohun tí kò yé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí ó ń ṣe àárò, tí kò pe ọmọ wá jókòó, òun náà ti di asọ̀rọ̀mágbèsì.