Ẹ̀rọ náà ń kágò: bí àfikún Moodle ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ará òde

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ áàpù Moodle lórí fóònù rẹ̀, máàkì ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì yọ lójú ẹsẹ̀. Orí sáfà ilé-ìwé ni máàkì yẹn wà. Fóònù ló lọ kágò níbẹ̀, tí sáfà sì dá a lóhùn. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní web service.

Martin Dougiamas ló dá Moodle, ètò ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ sì jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 2002. Inú aṣálẹ̀ ni ọkùnrin yìí gbé ní kékeré, orí rédíò ló ti ń gba ẹ̀kọ́, nítorí ilé-ìwé jìnnà sí wọn. Mi ò lè ronú kan Moodle kí n má rántí rédíò yẹn. Ọ̀fẹ́ ni Moodle, gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣe àfikún mọ́ ọn: èyí ń mú rẹ́jísítà kíláàsì, èyí ń tẹ sàtífíkéètì. Àfikún yìí ni plugin. Láti Moodle 2.0, tó jáde lọ́dún 2010, ni ẹ̀rọ òde ti lè máa bẹ àfikún níṣẹ́.

Àmọ́ àfikún kì í ṣàdédé ṣí sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú fáìlì db/services.php. Orúkọ yẹn máa ń fi ìdílé hàn. Bí a bá rí local_rejisita_get_records, a mọ̀ pé ìdílé local ló ti wá, rejisita ni àfikún náà, àkọsílẹ̀ ló sì fẹ́ kó jáde. Lẹ́yìn èyí, apá mẹ́ta ni kóòdù iṣẹ́ náà ní: execute_parameters ń sọ ẹrù tí àlejò lè gbé wọlé, execute ń ṣiṣẹ́, execute_returns ń sọ ohun tó lè jáde. Bí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì la ní kí àlejò mú wá, tó wá gbé ọ̀rọ̀ dání, Moodle á dá a padà. Ohun tí a kò kọ sínú execute_returns náà kò ní jáde.

Bí o bá kọ gbogbo rẹ̀ tán tí Moodle ṣì ní òun ò mọ iṣẹ́ náà, wo version.php. O ò tíì fi kún nọ́ńbà ibẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Àyè wà nínú services.php tí wọ́n ń kọ àṣẹ tí iṣẹ́ náà ń béèrè sí, capabilities ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí àwọn bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, Moodle á máa bá wọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí alábòójútó lè mọ àṣẹ tó yẹ kó fún èèyàn ni ìlà yẹn ṣe wà. Kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Inú execute gan-an ni ẹ̀ṣọ́ wà: validate_parameters, validate_context, require_capability. Bí ẹ bá fò ó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní token tirẹ̀, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń wọlé, kàn máa yí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì láti 12 sí 13 ni, orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì tí kì í ṣe tirẹ̀ á sì já sí i lọ́wọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Token jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 32, agbára ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló sì ń gbé rìn. Ẹni tó fi token alábòójútó sínú áàpù kan ti kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé fún un. Ẹ dá àkáǹtì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún áàpù náà, kí ẹ fún un ní ìwọ̀nba àṣẹ tó nílò, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí token náà máa kú.

Kí ẹ tó wá fa iṣẹ́ yín lé ilé-ìwé lọ́wọ́, ẹ mú token akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ẹ fi kágò ní kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá jáde, ẹ padà sídìí execute lálẹ́ ọjọ́ náà.