Igi Tí A Fi Ń Ṣe Ìwé

Igi ni a gé wẹ́wẹ́, tí a fi oògùn sè títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, kí ó tó di ìwé. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ olótùútù bí Swídìn, Fínlándì àti Kánádà ni iṣẹ́ yìí fìdí kalẹ̀ sí; ṣùgbọ́n igi wọn a máa lo ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó tó gé. Ní Bràsíl, yukalíptù tó gé ní nǹkan bí ọdún 7! Nítorí náà ni ọjà fi ń ṣí lọ sí ilẹ̀ olóoru.

Lẹ́yìn ọdún 1970, a gbin igi mẹ̀línà sí igbó Omo ní apá Ìjẹ̀bú, fún ilé-iṣẹ́ ìwé ti Ìwópin. Òun náà a máa yára dàgbà, ṣùgbọ́n fọ́nrán ara rẹ̀ kúrú. Ìwé tí yóò lágbára ń fẹ́ àdàlù fọ́nrán gígùn ti igi páìnì, èyí tí a ń fi owó ra láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti retí. Igi dàgbà tán, àwọn oníṣẹ́ pákó ni wọ́n sì gé e.