Ta ló láṣẹ láti ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ?

Èdè wa gan-an ń dá kún ìṣòro yìí. A máa ń pa iná, a máa ń pa rédíò, a sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí a pa èèyàn. Tí dókítà bá wá pe ẹbí jọ ní ICU, tó ní àwọn fẹ́ pa ẹ̀rọ tó ń bá Bàbá mí, etí Yorùbá á gbọ́ ọ pé wọ́n fẹ́ pa Bàbá.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe ná? Ventilator ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, gba inú ọ̀pá tí wọ́n kì bọ ọ̀nà ọ̀fun. Kì í wo àrùn sàn o. Ńṣe ló ń di aláìsàn mú, kí oògùn àti ara lè ráyè ṣiṣẹ́. Ní 1952, nígbà tí polio jà ní Copenhagen, ẹ̀rọ ò kárí. Dókítà Bjørn Ibsen dábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ fún aláìsàn, tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ló padà mí fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ le nígbà tí ara ò bá padà gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn lè máa lù lọ, torí kò dúró de àṣẹ ọpọlọ bí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ń dénú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ Bàbá fi gbóná, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí dókítà sì ń sọ pé kò sí ìrètí mọ́.

Ní England àti Wales, ọ̀pọ̀ wa rò pé àkọ́bí tàbí ìyàwó ló máa fọwọ́ síwèé. Rárá o! Mental Capacity Act ti 2005 ò fún "next of kin" láṣẹ kankan torí pé ó jẹ́ ẹbí nìkan. Ó yẹ kí dókítà bi yín, àmọ́ ohun tí Bàbá fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́ ló ń wá, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin fẹ́. Bí ẹ ò bá gbà fúnra yín, kóòtù lọ̀rọ̀ ń lọ.

Tony Bland fara pa ní Hillsborough ní 1989. Ó ń mí fúnra rẹ̀, oúnjẹ inú ọ̀pá ló gbé e ró. Ní 1993, House of Lords ní ìtọ́jú ìṣègùn ni oúnjẹ ọ̀pá, pé dókítà lè dá a dúró bí kò bá ṣe aláìsàn láǹfààní mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, kéèyàn má dènà ikú tó ti dé yàtọ̀ sí kéèyàn pànìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun kan láṣẹ, kó ṣe lasting power of attorney ti health and welfare nígbà tí làákàyè ṣì pé. Ti owó àti ilé yàtọ̀ o! Inú fọ́ọ̀mù náà ló ti máa yàn bóyá ẹni yẹn lè pinnu lórí ìtọ́jú tó ń gbé ẹ̀mí ró. Wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Office of the Public Guardian kó tó ṣeé lò.

Mo mọ̀ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Mọ́mì máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ má dárúkọ ikú rárá. Ẹ bi wọ́n pé: "Mà, bí ẹ bá wà ní ọsibítù tẹ́ ò lè sọ̀rọ̀, ta lẹ fẹ́ kó máa gbẹnu sọ fún yín?" Ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdáhùn yẹn, torí òun ló máa kọ́kọ́ pariwo lórí WhatsApp. Ẹ̀yin ará Scotland, òfin tiyín yàtọ̀: ti 2000 lẹ máa wò.